Reuben Legg àti Omi Tó Ń Padà Bọ̀ Wálé

Dorcas Squibb kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé, ara rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Kérésìmesì, Reuben Legg dúró ti iná, ó ń ro ọ̀gì òòtì fún ìyàwó rẹ̀, nígbà tí ohùn náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

"Reuben! Omi ti dé Hanger lókè odò! Ọkọ àbúrò mi fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ti kọjá iwájú ilé ọtí, ó kọrí sọ́dọ̀ wa!"

Ṣíbí igi já bọ́ lọ́wọ́ Reuben.

Dorcas yọjú wọlé, ó fi ìborùn wé orí, imú rẹ̀ pọ́n fún òtútù. Opó ni, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà ilé rẹ̀ àti ti àwọn Legg.

"Kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí? Omi ni mo wí, mi ò sọ pé agbowó-orí."

"Mo gbọ́ ẹ, Dorcas."

Ohùn kan ta láti yàrá iwájú, ohùn ẹni tí ẹnu rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Jẹ́ kó wá síbí! Kó wá sọ ọ́ fún èmi. Ìròyìn tó bá ti bọ́ sí Reuben lọ́wọ́, ó ti di òkú nìyẹn."

Avis, ìyàwó Reuben, ni. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ ni ó ti wà lórí ibùsùn nísàlẹ̀ ilé, nítorí àtẹ̀gùn ilé wọn há, ó sì dúró ṣánṣán bí àkàsọ̀. Ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún, kò sẹ́ni tó lè gbé e gòkè. Dorcas wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Reuben gbọ́ bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Òun dúró níbi iná, ọ̀gì ń jó, kò sì gbóòórùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí omi náà jẹ́ fún wa. Òkè ẹfun ló yí àfonífojì wa ká. Ẹfun a máa mu òjò bí ahun ṣe ń kó owó pamọ́: gbogbo òjò ìgbà ìwọ́wé ni yóò gbé mì, kò ní fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kán. Ìgbà tí ikùn rẹ̀ bá kún dé ọ̀fun, nínú òtútù gan-an, ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ọ́ jáde. Omi á wá sun láti inú pápá, láti abẹ́ ògiri, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, á di odò, á ṣàn títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sì tún rá. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí kò fi orúkọ òkè pe ìlú wọn, wọn kò fi orúkọ akọni pè é. Omi tí kì í sí nílé fún ìdajì ọdún yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Winterborne, odò ìgbà òtútù. Kì í sì í ṣe ìlú kan. Ìsàlẹ̀ odò, òkè odò, títí dé àwọn ẹkùn mìíràn tí òkè ẹfun bá ti wà, Winterborne ni wọ́n ń jẹ́, bí ìyá tó bímọ rẹpẹtẹ tó sì fún gbogbo wọn lórúkọ kan ṣoṣo. Bí o bá sọ fún àlejò pé Winterborne lo ti wá, yóò bi ọ́ pé, "Winterborne ta ni?" Tiwa ni Winterborne Pell. Pell ni ó ni ilẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ti kú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Láàárín ara wa, Pell nìkan la máa ń wí, Hanger nìkan la máa ń wí. Apá àkọ́kọ́ orúkọ náà, omi la fi sílẹ̀ fún. A gé e kúrú, Borne là ń pè é.

Ọdún mẹ́ta ni Borne kò fi wá. Ọ̀dá mú, ilẹ̀ là, àgùntàn ń wá koríko kiri. Àwọn ọmọdé wà ní Pell tí kò mọ̀ pé kòtò gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, odò ni.

Ohun tó ń ba Reuben lẹ́rù wà lábẹ́ rọ́ọ̀gì.

Àwọn ilé tó wà ní ìhà ti Reuben, orí ọ̀nà omi gan-an ni wọ́n kọ́ wọn sí. Àwọn baba ńlá mọ̀ pé a kì í bá omi jà, wọ́n bá fi òkúta ṣe gọ́tà la àárín ilé kọjá, láti ẹ̀yìn dé iwájú, wọ́n fi pákó bò ó. Bí Borne bá dé, ẹ ó ká pákó, ẹ ó fi ìgbálẹ̀ ẹ̀ka igi gbá gọ́tà náà, omi á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú jáde lọ bá odò lójú títì. Inú rẹ̀ ni ìyá Reuben ti ń ṣan ewébẹ̀. Inú rẹ̀ ni Avis, nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, ti bọ́ bàtà tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tó tutù nini, tó sì lọgun tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn a máa gba ojú gọ́tà wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá Avis padà sílé láti ilé ìwòsàn, dókítà ti sọ gbangba pé: "Ọ̀gbẹ́ni Legg, òtútù àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ilé yín kò bá gbẹ, ilé ìtọ́jú àwọn aláìlera ní ìlú ni yóò máa gbé." Kí Avis tó dé, Reuben po sìmẹ́ǹtì. Ó kó òkúta kún inú gọ́tà, ó dí ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn, ó dí i níwájú, ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, ó sì ra rọ́ọ̀gì pupa bò ó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Avis gbà pé pákó ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ sì dé, ó sì dà bí ẹni pé Ọlọ́run fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá dí ọ̀nà omi ní ọdún ọ̀dá, ọgbọ́n ló rò pé òun gbọ́n.

Ìṣòro kejì ni ti àdúrà. Reuben ni ó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì Pell, òun ló ń gbẹ́ ilẹ̀ òkú, òun ló sì ń ṣe Àmín sókè kí ìjọ tó gbè é. Látìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú ló ti ń ṣe é. Láwọn ọdún ọ̀dá yìí, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá Borne padà. Reuben náà á kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ara rẹ̀ ni yóò máa wí pé: Olúwa, má jẹ́ kó wá. Kì í ṣe lọ́dún yìí. Má jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí àkókò Àmín bá tó, ẹnu rẹ̀ á wúwo.

Wòlíì kan nínú Bíbélì ti bi Ọlọ́run rí pé ṣé bí odò tó máa ń gbẹ ni Ó fẹ́ jẹ́ fún òun ni. Nígbà tí Reuben wà lọ́dọ̀ọ́, ìbéèrè yẹn dà bí ìwà àfojúdi létí rẹ̀. Ní báyìí tó ti dàgbà, ó ń yà á lẹ́nu pé wòlíì náà bèèrè, ilẹ̀ kò sì gbé e mì.

Nígbà tí Dorcas lọ tán, ó bọ Avis lóúnjẹ. Avis tọ́ ọ̀gì náà wò, ó yínmú.

"Ó jó."

"Mo mọ̀."

"O kì í jó ọ̀gì. Kí ló wà lọ́kàn ẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọge mi. Mo fẹ́ lọ wo ìtẹ́ òkú bóyá omi ti dé ibẹ̀."

"Lọ. Bí o bá rí i, kí n gbọ́ agogo kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ."

Àṣà Pell nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Borne yóò ki ìka bọ̀ ọ́, yóò fi kan iwájú orí ara rẹ̀, yóò sì mú kí agogo dún. Gbogbo ilé tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á ká pákó, àlùfáà á sì máa tẹ̀ lé omi láti ilé dé ilé, yóò máa gbàdúrà. Kò sẹ́ni tí í tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.

Níbi ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá Àlùfáà Pargeter, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé wá láti ìlú ńlá, tí bàtà òjò rẹ̀ ṣì ń dán.

"Ọ̀gbẹ́ni Legg! Ẹ̀yin náà ń wá omi. Wọ́n ní ibí ló máa ń kọ́kọ́ yọ."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú o, mi ò gbọ́ Àmín yín lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá."

"Ọ̀fun ló ń dùn mí."

Irọ́ ni, lórí ilẹ̀ mímọ́, láàárín àwọn òkú tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin. Ó gbé ojú sílẹ̀. Ó tún gbé e sókè.

"Àlùfáà, bí ẹni méjì bá gbàdúrà, tí ohun tí ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ fún yóò ba ti èkejì jẹ́, ta ni Ó máa ń gbọ́?"

Àlùfáà fi ọwọ́ họ ọrùn. "Wọn kò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ o. Mo rò pé àwọn méjèèjì ni Ó máa ń gbọ́. Ohun tí Ó máa ṣe sí i ni mi ò lè sọ."

"Ìyẹn kò ràn mí lọ́wọ́."

"Kò ran èmi náà lọ́wọ́," ni àlùfáà dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí Reuben sọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó dágbére, ó bá tirẹ̀ lọ.

Reuben tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ògiri dé igun tó kángun sí ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rí i. Kò pariwo, kò ru. Koríko kan ṣáà ń mì láìsí atẹ́gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi tó mọ́ bí ojú ọmọ tuntun ń sun láàárín gbòǹgbò, ó ń gbé eruku ẹfun yípo díẹ̀díẹ̀, ó sì ti ń wá ọ̀nà ìsàlẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ó na ìka sí i. Ó fà á padà.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́nì kankan. Ilé agogo kò jìnnà sí i. Bí agogo bá dún, gbogbo Pell á dé ilé rẹ̀, wọ́n á gbé rọ́ọ̀gì sókè, wọ́n á rí sìmẹ́ǹtì. Dókítà á gbọ́. Bí kò bá dún ńkọ́? Bóyá omi náà á rẹ̀wẹ̀sì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí Borne yọjú kó sì padà. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé òun, Reuben Legg, ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ orúkọ ìlú òun di irọ́.

Ó dìde, ó lọ sílé láìlu agogo.

Avis ti yí orí sí ìhà rọ́ọ̀gì. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ wà lókè, bí ẹni tó ń dá ìjọ dúró.

"Dákẹ́," ó ní. "Má rìn. Gbọ́."

Reuben dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní abẹ́ ilẹ̀, nǹkan kan ń ṣe kọ́, ó dákẹ́, ó tún ṣe kọ́, kọ́. Òkúta ló ń lu òkúta.

"Mo ti ń gbọ́ ọ látìgbà tí o ti jáde," ni Avis wí. "Omi ni, Reuben. Ṣùgbọ́n kò ṣàn. Ó ń kan ilẹ̀kùn bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé tó bá ilé ní títì. Kí lo fi sábẹ́ rọ́ọ̀gì mi?"

Reuben jókòó sétí ibùsùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: sìmẹ́ǹtì, òkúta, ọ̀rọ̀ dókítà, ilé ìtọ́jú. Ó sọ ti omi tó rí lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó rí i tí etí rọ́ọ̀gì ń yí àwọ̀, tí pupa rẹ̀ ń dúdú díẹ̀díẹ̀ níhà ògiri ẹ̀yìn.

Avis wo rọ́ọ̀gì, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Òmùgọ̀ ọkùnrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O dí ẹnu ilé mi."

"Kí òtútù má baà mú ẹ ni. Kí wọ́n má baà mú ẹ lọ."

"Òtútù! Èmi àti òtútù ilé yìí ti mọra kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń di okùn aṣọ ìdáná mi." Ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín ní apá kan ṣoṣo tó lè rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rò pé bí omi yìí bá kún yàrá, wọn kò ní mú mi lọ? Lọ fọ́ ọ."

"Èmi nìkan kò lè fọ́ ọ. Mo po ó dáadáa."

"Nǹkan kan ṣoṣo tí o po dáadáa láyé ẹ nìyẹn. Kí wá ni agogo wà fún?"

Ó jáde. Kò sáré, kò ní ẹsẹ̀ eré mọ́, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó ki ìka bọ omi, ó fi kan iwájú orí. Ó tutù bí ọ̀bẹ. Ó di okùn agogo mú, ó fà á títí agogo fi dún.

Pell tú jáde. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ ìdáná. Nígbà tí Reuben fi máa padà délé, Dorcas ti wà nínú ilé, ó ti ká rọ́ọ̀gì, ó dúró lórí sìmẹ́ǹtì tó ti là, omi ń ta láti ojú ibi tó là bí ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́.

"Reuben Legg!" ó ní. "Ìwọ tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mo da èédú sínú gọ́tà tèmi!"

"Ṣé èédú ṣì wà nínú tìẹ?"

"Ó wà níbẹ̀ báyìí. Ó ti ń léfòó. Ta ló rò pé yóò tún wá?"

Wọ́n gbé dígà àti òòlù wá. Àlùfáà Pargeter bọ́ kọ́ọ̀tù, ó gbá dígà náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò lò ó rí, ẹni kan bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń kọrí sí ibùsùn. Ẹsẹ̀ ibùsùn kúrú. Reuben dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó rántí, ó sì jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó gbé dé ni àwọn ẹsẹ̀ pákó gíga tó máa ń gbé pósí lé kí wọ́n tó ṣe ìsìn òkú.

Avis wò ó, ó wo pákó náà.

"Ìkánjú wo lò ń kán, bàbá?"

Dorcas ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin mẹ́rin sì gbé ibùsùn lé orí ẹsẹ̀ pákó pósí náà, Avis ń pàṣẹ lókè bí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi.

Òkúta ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n hú u, omi tó ti ń yí kiri nínú yàrá dúró bí ẹni tó ń ronú, ó sì tú lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn já sójú títì, pẹ̀lú eruku sìmẹ́ǹtì àti òwú rọ́ọ̀gì pupa. Lójú kòtò títì, ó pàdé èyí tó ti ilé Dorcas bọ̀, tó dúdú fún èédú. Àwọn ọmọdé kígbe.

Àlùfáà ṣí àkẹtẹ̀, ó dúpẹ́ ní gbólóhùn kúkúrú. Gbogbo wọn ń retí. Reuben mọ ohun tí wọ́n ń retí, ó ṣí ẹnu, ohùn rẹ̀ sì já lójú ọ̀nà, ó jáde bí ohùn àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ: "Àmín." Ìjọ gbè é.

Nígbà tí ilé dá, ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ti òkúta wẹ́wẹ́ jáde kí omi má baà tún rí ohun tó máa dí i. Ògiri ti rin. Atẹ́gùn tútù ń gba ojú gọ́tà wọlé bí ìgbà àtijọ́. Dókítà ń bọ̀ wá wo Avis ní ọ̀la.

"Bí ó bá ní kí wọ́n gbé ẹ lọ ńkọ́?" ó ní.

"Kó kọ́kọ́ wá sọ̀ mí kalẹ̀ lórí nǹkan yìí."

"Avis, mo bẹ Ọlọ́run pé kí omi má wá. Lójoojúmọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀. Ètè ẹ máa ń mì." Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sísàlẹ̀, títí ìka rẹ̀ fi kan ìgbálẹ̀ tí omi ń kán lára rẹ̀ lọ́wọ́ Reuben. "Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́ níbí. Kó wá ni mo ní. Kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

Reuben gbé orí sókè. Nínú yàrá kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, ọdún mẹ́ta ni àdúrà méjèèjì fi ń ta ko ara wọn. Kò mọ bóyá kí ó bínú tàbí kí ó kúnlẹ̀. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó tún gbé kẹ́tùlù ka iná, ó fi aṣọ ìnura nu ìka Avis gbẹ, ó kó igi kún iná kí yàrá lè móoru díẹ̀ kí ọ̀la tó mọ́, ó sì padà sídìí gọ́tà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi.